Afẹ́fẹ́ Kò Dé Yàrá Bàbá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àdágbé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà láti ọjọ́ tí bàbá ti wọ bàálù tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láìpẹ́. Orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀ ní Marks Gate, ní London yìí bí mo ṣe ń kí yín. Mo kí Ìyá Àgbà, ẹni tí a kò lè kí tán kí wọ́n má bèèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Mo kí bùọ̀dá mi àgbà àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ wọn tí mi ò tíì fojú rí. Mo kí àwọn ayálégbé wa ní ìsàlẹ̀, pàápàá Ìyá Ìbejì tó máa ń bá yín ka ohun tó bá wọlé sórí fóònù. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má sì fo ibì kankan, bí Màmá tilẹ̀ ní kí ẹ fò ó.

Màmá, ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Irọ́ ni mo ń pa fún yín lórí fóònù. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, bàbá ló máa ń jókòó tì mí, a ó sì ṣí ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè jọ gbọ́. Bí ẹ bá ti bèèrè pé ara wọn ńkọ́, ojú wọn á ti wà lẹ́nu mi, mo sì ní láti ní ara wọn ti ń yá. Mo gbìyànjú láti pè yín láti ibi iṣẹ́ kí n lè sọ òótọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín báyìí ni mo pa á. Ìwé ló kù. Mo sì ní kí wọ́n gbé e síta fún gbogbo ènìyàn kà, nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ọmọ tó ń fi ẹ̀rín purọ́ fún ìyá rẹ̀ láti òkè òkun. Bí ìyá ẹlòmíràn bá rí i, kí ó tún bi ọmọ tirẹ̀ léèrè dáadáa. Bàbá ní tiwọn kò ní rí i kà, ojú wọn kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tí à ń gbé. Mo ti sọ fún yín pé ilé kékeré kan ni, lẹ́yìn ilé Àlàgbà ìjọ wa. Òótọ́ ni pé ó kéré, òótọ́ sì ni pé ẹ̀yìn ilé Àlàgbà ló wà. Ohun tí mi ò sọ ni pé ó ní táyà. Kárávánù ni, irú ilé onípáànù tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ sí etí òkun, tí wọ́n á sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n á sì padà sílé wọn. Àwa ò ní ilé mìíràn tí a fẹ́ padà sí. Yàrá tí mo ń gbé ní Alibon kí bàbá tó dé, ènìyàn kan ṣoṣo ni onílé gbà níbẹ̀. Ó fojú fo bàbá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò. Nígbà tí àìsàn dá wọn dúró tí ọ̀sẹ̀ di oṣù, ó ní kí a máa lọ. Àlàgbà ló ṣàánú wa, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àánú tán nílé wọn. Wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí a máa lò ó títí Ọlọ́run yóò fi ṣe é.

Bí ẹ bá wọlé, pálọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ bá. Àga gígùn kan wà níbẹ̀, ìdáná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà tóóró kan tí ilé ìwẹ̀ wà, ọ̀nà tí ènìyàn méjì kò lè gbà kọjá ara wọn láìtọrọ gáfárà. Ìparí rẹ̀ ni yàrá, bẹ́ẹ̀dì sì ti gba gbogbo yàrá náà tán. Bàbá ló ni yàrá, èmi ni mo ni àga.

Iṣẹ́ mi kò yí padà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà ní apá Longbridge náà ni. Mo máa ń jáde ní ìdájí kí n lè bá bọ́ọ̀sì, màá sì dá oúnjẹ àti oògùn bàbá sílẹ̀ kí n tó lọ. Níbẹ̀, mo ń wẹ bàbá olóbàbá, mo ń fún wọn ní tíì, mo ń bi wọ́n bóyá ara wọn tutù tó. Nínú ilé yẹn, yàrá kan kò gbóná ju èkejì lọ. Bí arúgbó kan bá ní ooru mú òun, bọ́tìnnì kan wà lára ògiri tí a óò tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tutù bákan náà. Inú máa ń bí mi sí bọ́tìnnì yẹn. Mo mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú máa ń bí mi.

Bùọ̀dá mi àgbà ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ooru wo ló wà ní London, pé kí n wálé wá wo ooru. Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ilé yín ga lókè, fèrèsé rẹ̀ kọjú síra. Tiwa, páànù ni lókè, páànù ni lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà òtútù, ara ògiri rẹ̀ á máa ṣomi, aṣọ wa á máa hu funfun nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí oòrùn bá wá dé, ó di ìkòkò tí a dé lórí iná. Èmi lè fara dà á, ọkàn bàbá ni kò lè fara dà á. Dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, pé kò lágbára láti fa ẹ̀jẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ wọn fi ń wú. Ó kìlọ̀ fún mi pé ooru ni kí n bá wọn ṣọ́ jù lọ, nítorí ooru lè mú wọn lọ láìròtẹ́lẹ̀. Màmá, látìgbà náà ni mo ti di ọ̀tá oòrùn.

Àlàgbà ti fi ẹ̀rọ amúlétutù kan sí kárávánù náà nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé e lọ sí ìsinmi. Ara òrùlé pálọ̀ ni wọ́n kàn án mọ́, kò ṣeé gbé kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà dára, mi ò ní bú u. Ó máa ń fẹ́ pálọ̀ débi pé màá wá ṣúẹ́tà wọ̀. Ṣùgbọ́n bí pálọ̀ bá ti tutù, ẹ̀rọ á rò pé iṣẹ́ ti parí, á sì dákẹ́. Ó dà bí olóyè tó jẹun yó tán tó ní ebi ò sí nílùú. Nínú yàrá lẹ́yìn, bàbá á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, síńgílẹ́ẹ̀tì wọn á ti tutù fún òógùn, wọ́n á máa mí bí ẹni tó sáré dé.

Ẹ ti mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe, èmi náà mọ̀ ọ́n. Kí bàbá máa sùn sórí àga gígùn ní pálọ̀, kí èmi lọ sí yàrá. Mo kúnlẹ̀, mo fi ohùn tó rọ̀ sọ ọ́. Bàbá wò mí títí, àfi bí ẹni pé mo ní kí wọ́n wá jẹun lójúde. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé bàbá ń sùn ní pálọ̀. Wọ́n ní ìyẹ̀wù ni ti bàbá, pálọ̀ ni ti àlejò àti ti ọmọdé. Wọ́n ní bí Àlàgbà bá wọlé wá kí wọn, ṣé kí wọ́n wá bá àwọn níbi tí àwọn ti na ẹsẹ̀ wíwú sílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀? Wọ́n ní bí afẹ́fẹ́ tútù náà bá fẹ́ kí àwọn, ó mọ ọ̀nà yàrá.

Ẹ mọ ọkọ yín, Màmá. Ẹni tí kò jókòó ní pálọ̀ ilé tirẹ̀ rí bí kò bá wọ bùbá. Mi ò jiyàn. Mo ní ó dáa, bí bàbá kò bá ní lọ bá afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ni yóò lọ bá bàbá. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹ rántí pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ amúlétutù, igbe “ẹ ti ilẹ̀kùn” ló ń fi í hàn fún aládùúgbò. Mo ti gbogbo fèrèsé pa. Mo fi àkísà dí gbogbo ibi tí mo rò pé òtútù lè gbà jáde. Ilẹ̀kùn yàrá bàbá náà wà ní títì, kọ́tìnnì nípọnnípọn aláwọ̀ osùn tí ẹ dì sínú ẹrù wọn sì wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọ́n ní ojú ọ̀nà tí kò ní kọ́tìnnì, ojú ọ̀nà ilé ìtajà ni. A tilẹ̀kùn mọ́ òtútù dáadáa, àmọ́ ìta yàrá bàbá la tì í mọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bú ẹ̀rọ kí n tó rí i pé àwa fúnra wa ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá, mo gbé fáànù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tóóró, mo kọjú rẹ̀ sí yàrá. Mo so kọ́tìnnì sókè, bàbá tú u sílẹ̀. Mo fi bébà dídán lẹ fèrèsé kí oòrùn má baà ráyè wọlé, yàrá ṣókùnkùn, kò sì tutù. Bí mo bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, màá mọ̀ ọ́n lára pé òtútù dé ibẹ̀, pé ó dúró síbẹ̀, pé kò wọlé.

Nígbà tí agbára mi pin, mo pe Kúnlé. Ọmọ ìjọ wa ni, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe kiri Barking àti Romford. Ọmọ tó dáa ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kún. Kó tó wọlé ló ti ní kí sister òun má mikàn, pé no shaking, pé small thing ni, òun máa sort ẹ. Ó gbé páìpù rírọ̀ kan wá, aláwọ̀ fàdákà, ó so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó fi fáànù kékeré sínú rẹ̀, ó gbé e gba abẹ́ òrùlé lọ dé yàrá bàbá. A tan ẹ̀rọ. Páìpù wú, ó ń hó, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò pa àbẹ́là. Kúnlé ń họ orí, ó ní àh, pé this one weak o.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wò ó. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó fi iṣẹ́ bíríkìlà tọ́ wa kò lè rí iṣẹ́ ilé kó dákẹ́. Wọ́n ní kí Kúnlé wá. Wọ́n bi í pé bí ènìyàn bá kún yàrá tí kò sí ẹni tó jáde, ṣé ẹlòmíràn lè wọlé? Ó ní rárá, sà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ gbígbóná ló kún inú yàrá, kò rí ibi jáde, kí ló fẹ́ kí èyí tó tutù ṣe? Wọ́n fi ọ̀pá ìtilẹ̀ tọ́ka sí òkè ògiri pákó tó wà láàárín yàrá àti ọ̀nà tóóró, wọ́n ní kí ó lu ihò síbẹ̀, kó gùn, kó má fẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ilé tí àwọn kọ́, àwọn kò fi irú ihò bẹ́ẹ̀ dù ú. Kúnlé lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Àlàgbà, ó sì fi ayùn gé e.

Màmá, ó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa kí ẹ lè mọ̀ pé a rí ayọ̀ díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá pè mí, wọ́n ní kí n bá àwọn mú aṣọ ìbora wá. Aṣọ ìbora! Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Òógùn gbẹ lára wọn, wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ilé olóyè kan tí wọ́n kọ́ ní Òkè-Sọpẹ́n, tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n di ihò afẹ́fẹ́ pa nítorí ẹ̀fọn, tí gbogbo wọn sì padà wá ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, tí mo bá ní ara wọn ń yá lórí fóònù, òótọ́ ni. Mo ti ń ronú pé bí ooru bá kọjá, a lè tún bẹ dókítà, kó jẹ́ kí bàbá wọ bàálù padà sọ́dọ̀ yín.

Lẹ́yìn náà ni ọsibítù pè mí. Wọ́n ní kí n wá nìkan. Dókítà náà kò le, obìnrin ni, ó fà mí jókòó. Ó ní ọkàn bàbá kò ní padà sípò. Ó ní wọn kò lè wọ bàálù mọ́, pé wọn kò ní dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo bi í pé bó bá di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo délé, mo gbé oúnjẹ fún bàbá, mo ní ọsibítù kàn fẹ́ pààrọ̀ oògùn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá ti wọ yàrá, ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́tìnnì wà nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Fúnkẹ́ pè mí, èyí tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohùn bẹ́ẹ̀ kì í kọjá ilẹ̀kùn yẹn. Mo sọ fún un pé dókítà ní bàbá kò lè délé mọ́ láéláé. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo tún ní ó ti rẹ̀ mí. Mo ní mo ń gbé arúgbó níbi iṣẹ́, mo tún ń bọ̀ wálé wá gbé arúgbó. Mo ní ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má ti ní kí wọ́n wá. Màmá, mi ò sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àbí mo sọ ọ́ tọkàntọkàn fún ìwọ̀nba ìgbà tó gbà mí láti sọ ọ́, mi ò mọ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lórí ògiri, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ mi gbà wọlé.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, yàrá ti gbóná padà. Páìpù ń hó, kò fẹ́ nǹkan kan. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, mo pe Kúnlé. Ó yẹ páìpù wò, ó yẹ fáànù wò, ó ní everything correct. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. Bàbá ti ká aṣọ àdúrà wọn, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń lọ sí ilé ìsìn, wọ́n ti kì í bọ inú ihò náà tìpẹ́tìpẹ́. Kúnlé wò mí, mo wò ó.

Bàbá ní iná pálọ̀ ń wọ àwọn lójú. Ọ̀sán ni, kò sí iná kankan ní títàn. Kúnlé ní òun lè fi ìdérí kékeré sí i tí wọ́n á lè máa ṣí, bàbá ní kó má ṣèyọnu, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀pá tọ́ka ibi tí wọ́n máa gé, ẹni tó mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé kò sí afẹ́fẹ́ bí kò sí ihò yẹn, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Mo dúró kí Kúnlé lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà bí ọkùnrin, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní kí ni mo ṣe? Wọ́n ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ká ní wọ́n bú mi ni, ká ní wọ́n ṣépè fún mi, ǹ bá rí nǹkan gbá mú. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ aṣọ náà.

Bí oòrùn ṣe ń le sí i nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní yàrá náà kò dára fún wọn, ó ní kí n gbé wọn wá sí pálọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé wọn. Kò yé e. Bí mo bá wà níbi iṣẹ́, màá máa pe fóònù wọn ṣáá. Bí wọ́n bá gbé e, wọ́n á ní àwọn wà pa, kí n fọkàn sí iṣẹ́ mi. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo jókòó ní pálọ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Mo gbọ́ ọ̀pá bàbá ní ọ̀nà tóóró, mo rò pé ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọn kò yà síbẹ̀. Wọ́n yọ sí mi, wọ́n ti wọ bùbá àti ṣòkòtò, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n tilẹ̀ wọ bàtà, bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ènìyàn níta. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà náà. Wọ́n dúró sí ibi tí ọ̀nà tóóró parí sí, wọn kò tíì wọ pálọ̀. Wọ́n kí mi bí àlejò ṣe ń kí onílé. Wọ́n ní àwọn rí i pé mo ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní bí kò bá ní dí mi lọ́wọ́, ṣé àyè díẹ̀ lè wà fún àwọn lórí àga?

Màmá, mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n jáde wá síbẹ̀. Mo gba ààwẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí wọ́n wá jáde, tí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n yí padà kí wọ́n wọlé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo sáré kó ẹ̀wà kúrò nílẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn jọ kí wọ́n má baà gba àga tán. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí wọn lórí. Kò pẹ́ tí òógùn gbẹ, èémí wọn rọlẹ̀, wọ́n sùn. Mo bọ́ síta, mo lọ dúró sí ẹ̀bá ọgbà níbi tí ariwo mọ́tò ojú títì A12 ti ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, mo sì ké débi tó wù mí.

Orí àga yẹn ni wọ́n wà látìgbà náà. Ara wọn tutù. Mo ti ní kí Kúnlé tú páìpù, kò sí ẹni tó wà ní yàrá. Èmi náà kò lè sùn síbẹ̀, ilẹ̀ pálọ̀ ni mò ń sùn sí. Bí mo bá gbé omi fún bàbá, wọ́n á dúpẹ́. Bí mo bá nu ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ní Ọlọ́run yóò san án fún mi, bí wọ́n ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Wọn kò tún bi mí nípa ọjọ́ tí àwọn máa wálé. Bí a bá pè yín, ẹ máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń ṣàwàdà, ẹ sì máa ń rò pé ara ló yá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń fi òótọ́ pamọ́ fún, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ń fi í pamọ́.

Òótọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ ọ: bàbá kò ní wálé mọ́. Wọ́n ti kọ̀ láti fún yín ní físà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin náà kò lè wá. Kò sí àdúrà tí ìjọ kò tíì gbà. Mi ò ní kí ẹ máa retí, mi ò ní ìrètí kankan lọ́wọ́ tí mo lè fi ránṣẹ́ sí yín.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá tún pè, ẹ má bèèrè ara mọ́. Ẹ má kí wọn kú àìlera, ẹ má sunkún. Ẹ bá wọn jà bí ẹ ṣe máa ń jà. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin fẹ́ fọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin ní kò gbọdọ̀ fọ́ ọ, kí ni àwọn wí sí i? Ẹ bi wọ́n bóyá kí ẹ gé igi ọsàn tó ń wó sórí òrùlé. Ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn, Màmá, ẹ máa tọrọ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì ṣe é bí wọ́n bá ṣe wí. Èmi ti sọ bàbá mi di àlejò nínú ilé onítáyà. Ẹ bá mi fi wọ́n ṣe onílé títí wọ́n á fi lọ.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ara yín kò ní rẹ̀ yín lójijì, ojú yín kò ní rí ju èyí lọ. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tàgbà tèwe. Ìyá Ìbejì, mo dúpẹ́ o, ẹ má tètè padà sísàlẹ̀, ẹ bá mi jókòó ti Màmá díẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mọ́rẹ́nikẹ́